Ta Ló Tọ̀nà? Ìtàn Gáàsì Fẹ́lẹ́ Tó Lẹ̀ Mọ́ Ojú Nǹkan

Ẹ gbé fóònù yín, kí ẹ fi aṣọ nu ojú rẹ̀ títí tí yóò fi máa dán. Ó dà bíi pé kò sí nǹkan kan lójú rẹ̀ mọ́, àbí? Irọ́ ni. Kí ẹ tó gbé aṣọ yẹn sílẹ̀, omi inú afẹ́fẹ́ àti oríṣiríṣi gáàsì ti bò ó padà. Wọ́n fẹ́lẹ́ débi pé ojú lásán ò lè rí wọn. Ìpele mélòó kan péré ni, ìpele kọ̀ọ̀kan ò sì nípọn ju mólékù kan lọ. Gbogbo nǹkan líle tó wà nínú afẹ́fẹ́ ló wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀: ìkòkò, ìlẹ̀kùn irin, gíláàsì, èédú.

Gáàsì tí à ń wí yìí kì í ṣe ti ìdáná nìkan o. Ọ́síjìn, náítírójìn, háídírójìn, gbogbo wọn ni. Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí ni bí aráyé ṣe dé ibi tí wọ́n ti mọ bí àwọn átọ́ọ̀mù inú aṣọ yẹn ṣe tò. Ìtàn ọkùnrin méjì wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan gba ẹ̀bùn Nobel, èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Ìbéèrè kan náà ni àwọn méjèèjì ń dáhùn: ìpele mélòó ni gáàsì máa ń tò sójú nǹkan?

Gílóòbù tó ń dúdú

Ní ọdún 1909, Irving Langmuir, ọmọ Brooklyn tó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Göttingen ní Jámánì, wọṣẹ́ ní ilé ìwádìí General Electric ní Schenectady, Amẹ́ríkà. Gílóòbù ló ń dà wọ́n láàmú níbẹ̀. Okùn tungsten tó ń tàn nínú rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó já, inú gíláàsì rẹ̀ a sì máa dúdú. Ọ̀pọ̀ gbà pé afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó ṣẹ́ kù sínú gílóòbù ló fà á, pé bí wọ́n bá ti lè fa gbogbo rẹ̀ jáde, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Langmuir ṣe òdìkejì. Dípò kó máa fa gáàsì jáde, ó ń dá a sínú gílóòbù, oríṣi kan lẹ́yìn òmíràn, ó ń wo ohun tí kálukú wọn máa ṣe. Ó rí i pé afẹ́fẹ́ kọ́ ló jẹ̀bi. Ooru ló ń ṣí átọ́ọ̀mù tungsten kúrò lára okùn, tí wọ́n sì ń lọ lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Bí ẹ bá fi gáàsì tí kì í bá tungsten jà kún inú gílóòbù, àwọn átọ́ọ̀mù yẹn ò ní rọ́nà sá lọ bẹ́ẹ̀. Ní 1913, gílóòbù tí wọ́n fi náítírójìn kún dé. Argon náà tẹ̀ lé e. Ilé iṣẹ́ jèrè, aráàlú rí iná tó mọ́lẹ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n nǹkan míì ti wọ Langmuir lójú lẹ́nu iṣẹ́ yẹn. Háídírójìn tó bá dá sínú gílóòbù a máa pòórá. Ó wádìí rẹ̀ títí ó fi mọ̀ pé okùn tó gbóná ń la mólékù háídírójìn sí átọ́ọ̀mù, àwọn átọ́ọ̀mù náà sì ń lọ lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Ọ́síjìn ní tirẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ tungsten fúnra rẹ̀. Ìwọ̀nba rẹ̀ tó kéré jọjọ ti tó láti yí ìwà okùn náà padà pátápátá. Nígbà tó ṣírò iye rẹ̀, ó jẹ́ iye tó lè bo ojú okùn náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ìgbà tí ènìyàn to ẹ̀wà sílẹ̀ láìgbé ọ̀kan lé èkejì.

Láàárín 1916 sí 1918 ló kọ àlàyé rẹ̀ jáde. Ẹ jẹ́ ká fi danfo ṣe àpẹẹrẹ. Ojú nǹkan líle ní ìjókòó tó níye, nítorí pé átọ́ọ̀mù tirẹ̀ tò létòlétò. Ìjókòó kan, èrò kan. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jókòó lé ẹnì kejì lẹ́sẹ̀, ìdúró ò sì sí. Mólékù gáàsì ń wọlé, àwọn míì ń bọ́ọ́lẹ̀. Nígbà tí iye tó ń wọlé bá ti bá iye tó ń bọ́ọ́lẹ̀ dọ́gba, danfo ti rí ìwọ̀n tirẹ̀. Bí èrò ṣe pọ̀ tó ní ibùdókọ̀ ló máa sọ iye ìjókòó tó máa kún. Bí èrò ibùdókọ̀ bá wá pọ̀ bí eṣú, danfo ò lè gbà ju iye ìjókòó rẹ̀ lọ.

Àwa tí a ń kọ kóòdù mọ irú ìṣirò yìí dáadáa: iye àyè kan wà lórí sáfà, àwọn kan ń wọlé, àwọn kan ń jáde. Ó rọrùn, ó mọ́, ó ṣeé dán wò. Ní 1918, Langmuir wọn gáàsì lórí gíláàsì, lórí mica àti lórí platinum. Èyí tó lẹ̀ mọ́ wọn ò ju ìpele kan lọ. Òótọ́ ni pé òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé ó ṣeé ṣe kí ìpele tó ju ẹyọ kan lọ wà nígbà míì. Àmọ́ ìpele kan ṣoṣo ni aráyé gbọ́.

Dókítà ọmọ ogun

Ní àkókò kan náà, Michael Polanyi ń ro ọ̀rọ̀ yìí ní ọ̀nà tirẹ̀. Wọ́n bí i ní Budapest ní 1891, ó kọ́ iṣẹ́ dókítà. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ̀rẹ̀, ó di dókítà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Austria-Hungary. Láàárín ogun àti àìsàn, ó ń kọ̀wé nípa gáàsì tó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan. Èyí àkọ́kọ́ jáde ní 1914, èyí tó lágbára jù nínú wọn jáde ní 1916.

Èrò tirẹ̀ yàtọ̀. Ó ní ojú nǹkan líle kì í fa mólékù tó bá fara kàn án nìkan. Agbára ìfà náà ń dé ọ̀nà jíjìn díẹ̀, gáàsì a sì máa pé jọ sítòsí ojú yẹn, a máa ki sí i bó ṣe ń sún mọ́ ọn, títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí omi. Bí ti Langmuir bá jẹ́ danfo, mólúè ni ti Polanyi: àwọn tó jókòó wà, àwọn tó dúró wà, àwọn míì sì so rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà. Bí ẹ ṣe jìnnà sí ojú náà tó, bẹ́ẹ̀ ni ìdìmú yín á ṣe rọ̀ tó. Ó gbé àlàyé yìí ka orí ìwọ̀n tí àwọn míì ti wọ̀n lórí èédú, ó sì bá a mu.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Àwọn onímọ̀ físíìsì ìgbà yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbádùn ìmọ̀ tuntun nípa inú átọ́ọ̀mù. Lójú tiwọn, agbára tó ń so mólékù pọ̀ kò lè ju ti iná mànàmáná lọ, ìyẹn ti átọ́ọ̀mù tó ní èlé àti èyí tó ní àdínkù. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ìpele àkọ́kọ́ á dí agbára náà lọ́nà, kò ní kan ìpele kejì. Polanyi ò lè sọ irú agbára tó ń gba inú ìpele kan dé òmíràn. Ó kàn mọ̀ pé ìṣirò òun tọ̀nà.

Ní nǹkan bí 1921, Fritz Haber pè é sí ilé ìwádìí tirẹ̀ ní Berlin pé kó wá ṣàlàyé èrò rẹ̀. Haber kì í ṣe ọmọdé. Òun ló gba ẹ̀bùn Nobel ti 1918 nítorí ọ̀nà tó rí láti fi náítírójìn inú afẹ́fẹ́ ṣe amóníà. Wọ́n pe Albert Einstein náà wá gbọ́. Polanyi sọ̀rọ̀, àwọn àgbà méjèèjì sì dá a lẹ́jọ́: ó ti fojú di ohun tí sáyẹ́ǹsì ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nípa bí nǹkan ṣe rí. Nígbà tó ń rántí ọjọ́ náà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, Polanyi ní díẹ̀ báyìí ló kù kí iṣẹ́ òun bàjẹ́ níbẹ̀. Iṣẹ́ míì tó ń ṣe, tí àwọn ènìyàn fara mọ́, ló gbà á là.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí ná. Amóníà tí Haber fi gba Nobel, ojú irin ni wọ́n ti ń ṣe é. Náítírójìn á kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ irin, háídírójìn náà á lẹ̀ mọ́ ọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa pàdé. Ìpele gáàsì fẹ́lẹ́ lójú irin, tí ẹnì kankan ò tíì rí bó ṣe tò, ló gbé orúkọ Haber dé ibi tó dé.

Òtítọ́ dọ́jà

Àwọn àgbà wa ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà. Ọjà Polanyi ò tà fún ọdún mẹ́sàn-án. Ní 1930, Fritz London fi ìmọ̀ físíìsì tuntun ṣàlàyé agbára kan tó wà láàárín gbogbo átọ́ọ̀mù, kódà àwọn tí kò ní èlé tí kò sì ní àdínkù. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú átọ́ọ̀mù kan ń jà síwá sẹ́yìn, ó ń mú ti aládùúgbò rẹ̀ jó bá a, ìyẹn sì ń fa àwọn méjèèjì súnmọ́ra. Irú agbára yìí, ìpele kan ò lè dí i lọ́nà. Ohun tí Polanyi ń wá gan-an nìyẹn. Òun àti London jọ kọ ìwé lé e lórí lọ́dún náà.

Ẹ máa rò pé ìdùnnú ṣubú layọ̀. Rárá o. Ní 1932, Langmuir gba ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí ojú nǹkan. Ní 1933, Hitler gorí àlééfà, Polanyi tó jẹ́ ọmọ Júù sá kúrò ní Berlin lọ sí Manchester. Níbẹ̀, ó di olùkọ́ àgbà ní yunifásítì, ṣùgbọ́n kò fi èrò tirẹ̀ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ìdí ni pé àwọn olùdánwò tó ń ti ìta wá ò gbà á gbọ́, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ ọ́ lè fìdí rẹmi. Ẹ fojú inú wo olùkọ́ tó mọ̀ pé òun tọ̀nà, tó tún ń kọ́ ọmọ ní ti ẹlòmíràn kí ọmọ náà lè yege.

Ní 1938, Stephen Brunauer, Paul Emmett àti Edward Teller fi ìpele kún ìpele. Wọ́n ní ìpele àkọ́kọ́ tò bí Langmuir ṣe wí, àmọ́ èrò tó bá ti jókòó lè di ìjókòó fún ẹlòmíràn, kí ẹlòmíràn náà tún gbé ẹlòmíràn. Títí dòní ni wọ́n ń fi ìṣirò wọn wọn bí ojú nǹkan ṣe fẹ̀ tó. Wọ́n á jẹ́ kí náítírójìn lẹ̀ mọ́ nǹkan náà ní ìwọ̀n òtútù -196°C, wọ́n á ka mólékù tó kún ìpele àkọ́kọ́. Gíráàmù kan èédú tí wọ́n ṣe lákànṣe lè ní ojú tó fẹ̀ tó 1,000 m², nítorí ihò kéékèèké inú rẹ̀. Gíráàmù méje tàbí mẹ́jọ ti tó pápá bọ́ọ̀lù kan. Irú èédú bẹ́ẹ̀ ló ń mú òórùn kúrò nínú omi tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá ní píọ́ wọ́tà.

Bí wọ́n ṣe rí i

Gbogbo èyí, ìṣirò ni. Ta ló ti rí ìpele náà? Jàǹbá ló ṣí ọ̀nà. Ní 1925, Clinton Davisson àti Lester Germer ń da ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lu nickel ní New York. Ìgò afẹ́fẹ́ olómi kan bú gbàù, ẹ̀rọ fọ́, afẹ́fẹ́ wọlé, nickel náà dípẹtà. Wọ́n fi iná sí i fún ìgbà pípẹ́ kí ìpẹtà lè kúrò. Ooru yẹn sọ àwọn kírísítálì wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ di ńláńlá díẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ò fọ́n ká bákan náà mọ́. Nígbà tí wọ́n wá lo kírísítálì ẹyọ kan ní 1927, wọ́n rí i pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń hùwà bí ìgbì omi, ó sì ń gba ojú ọ̀nà tí ètò àwọn átọ́ọ̀mù nickel là fún un. Davisson gba Nobel ti 1937 fún un.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rántí ni pé nínú ìwé 1927 yẹn, wọ́n sọ pé àwọn ìtànsán kan tí wọ́n rí kì í ṣe ti nickel. Ara gáàsì tó lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀ ni wọ́n ti wá, gáàsì náà sì tò létòlétò. Ìjókòó tí Langmuir ń sọ ti bẹ̀rẹ̀ sí hàn.

Kí ló dé tó tún fi pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn? Afẹ́fẹ́ ni. Bí ẹ bá fa afẹ́fẹ́ inú ìgò títí ó fi ku nǹkan bí ìdá kan nínú bílíọ̀nù kan, ojú irin tó mọ́ á tún kún láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan péré, bí gbogbo mólékù tó bá kàn án bá lẹ̀ mọ́ ọn. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti dọ̀tí. Ẹni tó bá fẹ́ wákàtí mélòó kan ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ fa afẹ́fẹ́ yẹn ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún sí i. Ẹ̀yìn 1950 ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó wọ́pọ̀. Orúkọ Langmuir ni wọ́n fi sọ ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka iye gáàsì tó ti kan ojú nǹkan. Germer fúnra rẹ̀ padà sórí iṣẹ́ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù yìí ní nǹkan bí 1960.

Ní òpin àwọn ọdún 1960 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1970, Thomy àti Duval ní Nancy, ilẹ̀ Faransé, fi krypton àti xenon sórí graphite, ìyẹn ohun dúdú inú pẹ́ńsù. Wọ́n ṣe graphite náà kó tẹ́jú gan-an. Bí wọ́n ṣe ń fi gáàsì kún un, iye tó ń lẹ̀ mọ́ ọn kò gòkè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó gòkè bí àtẹ̀gùn ilé: ó fò, ó dúró, ó tún fò. Ìpele àkọ́kọ́ kún, lẹ́yìn náà èkejì, lẹ́yìn náà ẹ̀kẹta. Nínú àwòrán kan ṣoṣo yẹn ni àwọn ọkùnrin méjèèjì ti pàdé. Àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti Langmuir: ìpele tó kún tán kó tó kan èyí tó tẹ̀ lé e. Pé àtẹ̀gùn kejì wà rárá, ti Polanyi ni.

Wọ́n tún rí bí ìpele àkọ́kọ́ ṣe tò. Átọ́ọ̀mù graphite tò ní onígun mẹ́fà bí afárá oyin. Krypton á jókòó sáàárín onígun kan, á sì fi méjì tó kù sílẹ̀ lófìfo, nítorí ó tóbi ju ìjókòó lọ. Nínú mẹ́ta, ọ̀kan ló ń kún. Àyè tó wà láàárín krypton méjì wá jẹ́ 0.426 nm, bẹ́ẹ̀ nígbà tí krypton bá wà ní òun nìkan nínú òtútù, nǹkan bí 0.40 nm ló wù ú. Ìjókòó ló fagbára yà wọ́n sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fún wọn pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á pa ìjókòó tì, wọ́n á tò bó ṣe wù wọ́n. Ọmọ danfo ti di ọmọ mólúè.

Ní 1989, Don Eigler ní ilé ìwádìí IBM ní California lo ẹnu abẹ́rẹ́ kan láti ti xenon lọ́kọ̀ọ̀kan lójú nickel ní -269°C. Átọ́ọ̀mù 35 ló fi kọ I, B, M. Gáàsì tó lẹ̀ mọ́ ojú irin ti di ohun tí a lè fi kọ lẹ́tà. Ní 2007, Gerhard Ertl, ará Jámánì, gba Nobel fún iṣẹ́ lórí ojú nǹkan. Lára ohun tó fi hàn ni bí náítírójìn ṣe ń là sí átọ́ọ̀mù lójú irin kó tó di amóníà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú irin Haber gan-an ni.

Ọmọ IT

A ní ìdí tí a fi ń sọ ìtàn yìí. Níbi iṣẹ́ kan tí a ti ṣe rí, ojú ewé tí wọ́n ti ń sanwó máa ń falẹ̀ láràárọ̀. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga kan tó wá ṣe IT lọ́dọ̀ wa sọ pé apá ibòmíì ni kóòdù ti ń ṣí ọ̀nà sí dátábéèsì tí kì í tì í padà. A bi í léèrè ẹ̀rí, kò ní. A ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, apá yẹn ò kan ìsanwó. A pa ọ̀rọ̀ náà dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ibi tó wí gan-an la ti bá a. IT rẹ̀ ti parí, ó ti lọ. Orúkọ rẹ̀ ò sí nínú àkọsílẹ̀ iṣẹ́ náà, tiwa ló wà níbẹ̀.

Ẹnu wa ò gbà á láti bú Haber àti Einstein. Polanyi fúnra rẹ̀ ò bú wọn. Ní 1963, ó kọ̀wé nípa ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé ìròyìn Science. Ó ní bí sáyẹ́ǹsì bá gba gbogbo èrò tí kò bá ohun tí a mọ̀ mu, kò ní pẹ́ tí pàǹtírí á fi bò ó mọ́lẹ̀. Ó ní àṣẹ àwọn àgbà ní èrè, ó sì ní ewu. Ó tún jẹ́wọ́ nǹkan kan tó ń pa wá lẹ́rìn-ín: bí òun bá ti mọ físíìsì ìgbà náà dáadáa ni, òun ò ní dá a láṣà rárá láti ro irú èrò bẹ́ẹ̀.

A gbà pẹ̀lú rẹ̀, àmọ́ kò tíì tó fún wa. Langmuir ní ilé iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn rẹ̀, ó ní gílóòbù tó ń tà. Polanyi ní ìṣirò àti ìwọ̀n, ohun tó kù ni orúkọ agbára tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ní tiwa, ohun tí a ti yí padà kò ju èyí lọ: bí a bá kọ àbá ọmọdé, a máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti ìdí tí a fi kọ̀ ọ́, a kì í pa á rẹ́. Ká ní a ti ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn ni, ó kéré tán, à bá mọ ẹni tí a máa pè ká sọ fún un pé òun ló tọ̀nà.